Ògúlùtu ní Ihò Keje

Dókítà ló kó gọ́ọ̀fù wọ ilé wa. Nígbà tó ku díẹ̀ kí ọkọ mi fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Ìkẹ́rẹ́, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, dókítà sì sọ fún un pé kó máa rìn dáadáa lójoojúmọ́. Ọkọ mi kì í ṣe ẹni tó lè rìn lásán. Tó bá ń rìn, ó gbọ́dọ̀ nídìí. Ó gbìyànjú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, ó ń rìn láti ilé wa dé ojú ọ̀nà Adó, ó tún ń rìn padà, ó ní àwọn ọlọ́kadà kò yéé dúró bi òun bóyá mọ́tò òun ló bà jẹ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ wá mú un lọ sí pápá gọ́ọ̀fù kékeré kan lẹ́yìn ìlú. Láti ọjọ́ náà, n kò rí ọkọ mi nílé mọ́ lọ́jọ́ Sátidé.

Olùkọ́ èdè Yorùbá ni èmi. Ìsẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, Ìsẹ̀ àti Emùré ni mo ti ṣe tíṣà títí mo fi fẹ̀yìn tì, ilé ọkọ ló gbé mi wá sí Ìkẹ́rẹ́. Mo ní ọgbà ẹ̀fọ́ lẹ́yìn ilé, mo sì wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ohun tí mo mọ̀ nípa gọ́ọ̀fù kò ju pé àwọn àgbàlagbà máa ń fi ọ̀pá irin gbá bọ́ọ̀lù tí kò tó ẹyin adìyẹ, tí wọ́n bá sì gbá a tán, wọ́n á tún máa wá a kiri nínú koríko bí ẹni tí yẹtí rẹ̀ já bọ́.

Oògùn ló kọ́kọ́ gbé mi dé pápá náà. Ọkọ mi gbàgbé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ sórí tábìlì, mo bá gun ọ̀kadà, mo gbé e lọ fún un. Pápá náà kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń fi hàn nínú tẹlifíṣọ̀n. Ihò mẹ́sàn-án péré ló ní. Ilẹ̀ oko ni tẹ́lẹ̀. Tí oòrùn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, èèyàn ṣì lè rí ìlà ebè àtijọ́ lábẹ́ koríko. Igi tíìkì tò sí apá kan, ọ̀pẹ wà ní apá kejì, àpáta dúdú kan sì yọ sókè láàárín bí ẹ̀yìn erin. Àwọn pápá ńláńlá máa ń gbin koríko múlọ́múlọ́ yí ihò ká. Iyanrìn tí wọ́n fi epo ẹ́ńjìnì àlòkù pò ni tiwa, wọ́n á wá fi pákó gbọọrọ kan fà á kó lè tẹ́ pẹrẹsẹ. Bráùn ni wọ́n ń pè é.

Ìjà ni mo bá lórí pápá lọ́jọ́ náà. Bọ́ọ̀lù ọ̀rẹ́ ọkọ mi, ẹni tó mú un wá síbẹ̀, ti lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgbẹ́ màlúù. Obìnrin kan ló ń bá a gbé àpò ọ̀pá, ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta tó máa ń yan gàrí tà lọ́jọ́ tí kò bá sí eré. Obìnrin yìí rí ìgbẹ́ náà, ó fi ẹsẹ̀ gbá a dànù, bọ́ọ̀lù sì yí lọ.

"Ta ní kó o fọwọ́ kàn án?" ọ̀rẹ́ ọkọ mi ń bi í.

"N kò fọwọ́ kàn án, sà. Ẹsẹ̀ ni mo fi kàn án."

"Bọ́ọ̀lù ń kọ́?"

"Bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ ló tẹ̀ lé e, sà."

Gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ pa pọ̀. Nínú eré náà, iye ìgbà tí èèyàn gbá bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń kà, ẹni tí tirẹ̀ bá kéré jù ló gba ipò kìíní. Nítorí náà wọn kì í fi ọ̀rọ̀ gbígbá kan ṣeré. Ẹnì kan ní kí wọ́n dá bọ́ọ̀lù padà, kí wọ́n má ka nǹkan kan sí i. Ẹlòmíràn ní rárá, kí wọ́n fi ẹyọ kan kún un. Ọkọ mi ní ìgbẹ́ màlúù ti di ara ilẹ̀, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gbé e kúrò rárá. Wọ́n ń fa ọ̀rọ̀ náà bọ̀ títí olórí ẹgbẹ́ wọn fi dé, awọnlẹ̀ kan tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ Emùré, Kápẹ́ẹ̀nì ni gbogbo wọn ń pè é. Ó yọ ìwé pélébé kan nínú àpò, ó wo inú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó ní ìgbẹ́ ẹran kò so mọ́ ilẹ̀, èèyàn lè gbé e kúrò, ṣùgbọ́n tí bọ́ọ̀lù bá tìtorí bẹ́ẹ̀ kúrò láyè rẹ̀, kí wọ́n dá a padà, kí wọ́n sì fi gbígbá kan kún ti ẹni tó ni ín.

Ọ̀rẹ́ ọkọ mi yíjú sí obìnrin náà. "Ṣé o gbọ́? Ó yẹ kó o mọ̀."

"Ta ló sọ fún mi, sà?" obìnrin náà dáhùn. Kò gbó o lẹ́nu, ó kàn ń béèrè ni.

Mo ti fún ọkọ mi ní oògùn rẹ̀, mo gbé ike omi dání. "Ìbéèrè rẹ̀ dáa," ni mo sọ. N kò mọ̀ pé Kápẹ́ẹ̀nì gbọ́ mi.

Ó bá mi níbi tí mo ti ń wá ọ̀kadà tí yóò gbé mi padà. "Mà, wọ́n ní olùkọ́ Yorùbá ni yín." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ṣàlàyé pé àwọn tó ń gbé àpò àti àwọn tó ń tọ́jú pápá, àgbẹ̀ ni gbogbo wọn, wọ́n mọ ìwé Yorùbá kà nítorí ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì inú ìwé òfin náà le fún wọn, ó tiẹ̀ le fún àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù náà, wọ́n kàn ń díbọ́n ni. "Kì í ṣe odindi ìwé la ní kẹ́ ẹ tú fún wa. Abala tó jẹ mọ́ ilẹ̀ nìkan: ohun tó wà nílẹ̀, omi tó wà nílẹ̀, ihò tó wà nílẹ̀. Ibẹ̀ ni ìjà wa ti ń bẹ̀rẹ̀."

Mo gbà. N kò rò pé yóò gbà ju ọ̀sán kan lọ.

Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi wo ojú ewé kìíní. Orúkọ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi ń pe gbogbo ohun tó wà lórí ilẹ̀ tí kò so mọ́ ọn: ewé tó já, igi tó ṣẹ́, òkúta wẹ́wẹ́, ìgbẹ́ ẹran, òkú kòkòrò. Ọkọ mi wá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi, ó ní kí n pè é ní "ìdènà aláìdúróṣinṣin". Mo ní ìyẹn dà bí orúkọ díákónì tó sá kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó bínú díẹ̀, ó lọ wo ìròyìn. Nígbà tí mo sọ fún Kápẹ́ẹ̀nì pé ọ̀rọ̀ náà kò fẹ́ wọ Yorùbá, ó ní kí n wá sí pápá lọ́jọ́ Tuesday, kí n bá ẹni tó mọ ilẹ̀ náà jù rìn yí i ká.

Olórí àwọn tó ń tọ́jú pápá ni ẹni yẹn. Bàbá ni gbogbo ayé ń pè é. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ọmọ Ìsẹ̀ bíi tèmi ni, ó ní oko lójú ọ̀nà Ìsẹ̀, ó sì máa ń wọ bàtà òjò ní ẹ̀ẹ̀rùn. Wọ́n ní kí pápá tó di pápá, òun náà ti gbin iṣu rí níbi tí ihò kẹrin wà báyìí. Mo kí i, mo ṣàlàyé ara mi, ó sì gbọ́ mi tán kó tó sọ̀rọ̀.

"Tíṣà, kí ni wọ́n ní ká ṣe sí ulẹ̀ náà?" Bí àwa ará Ìsẹ̀ ṣe ń pe ilẹ̀ nìyẹn.

"Wọ́n ní ká sọ ohun tó wà lórí rẹ̀ ni, Bàbá. Èyí téèyàn lè mú kúrò àti èyí tí kò gbọ́dọ̀ mú kúrò."

Ó rò ó díẹ̀. A dé abẹ́ igi tíìkì, ewé ńláńlá bo ilẹ̀ níbẹ̀ débi pé bọ́ọ̀lù mẹ́wàá lè sá pamọ́ sábẹ́ wọn. Bàbá bẹ̀rẹ̀, ó mú ewé kan. "Ṣé èyí so mọ́ nǹkan?"

"Kò so."

"A ṣà á dànù." Ó jù ú sẹ́yìn, ó ń lọ.

Mo dúró. Mo fi ìwé lé orókun, mo kọ ọ́ sílẹ̀: àṣàdànù. Ohun tí mo ti ń wá láti ọjọ́ mẹ́rin nìyẹn.

Láti ibẹ̀, iṣẹ́ náà di eré fún àwa méjèèjì. A ń rìn láti ihò dé ihò, mo ń ka ohun tí ìwé wí, Bàbá ń na ọwọ́ sí nǹkan. Ẹyìn tó já bọ́ láti orí ọ̀pẹ? Àṣàdànù. Máńgòrò tó ti bọ́ sílẹ̀? Àṣàdànù, ṣùgbọ́n èyí tó ṣì wà lórí igi kì í ṣe é, bó tiẹ̀ dí èèyàn lójú. Ìgbẹ́ ekòló? Àṣàdànù. Òkúta tó rì mọ́lẹ̀, tí èèyàn ní láti wú kó tó kúrò? Kì í ṣe é. Nígbà tí mo ka ibi tí wọ́n ti sọ pé ìrì kì í ṣe é, Bàbá dúró, ó wò mí.

"Ta ló fẹ́ ṣa ìrì?"

Mo ní n kò mọ̀, ṣùgbọ́n ó jọ pé ẹnì kan ti gbìyànjú ẹ̀ rí kí wọ́n tó kọ ọ́ sínú òfin. Ó rẹ́rìn-ín títí a fi dé ihò tó kàn.

Ọ̀rọ̀ ọ̀gán fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa. Ìwé sọ pé ilé tí kòkòrò kọ́ sórí ilẹ̀, àṣàdànù ni. Bàbá mú mi lọ síwájú ọ̀gán kan nítòsí ihò kẹta, ó ga dé èjìká mi, ó le bí ògiri. Ó ní kí n ṣà á dànù kí òun rí i. Mo sọ fún Kápẹ́ẹ̀nì, ó ní òótọ́ ni Bàbá sọ, ẹgbẹ́ lè ṣe òfin tirẹ̀ lórí irú ìyẹn: ẹni tí ọ̀gán bá dí lọ́wọ́, kó gbé bọ́ọ̀lù rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lọ́fẹ̀ẹ́. Inú Bàbá dùn. Ó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni yí nǹkan kan padà ní pápá náà nítorí ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó sì sọ fún mi bẹ́ẹ̀.

Ní ti ilẹ̀ fúnra rẹ̀, ìwé sọ pé yẹ̀pẹ̀ àti iyanrìn kì í ṣe àṣàdànù, àyàfi lórí bráùn. Ẹni tó bá gbọ̀n wọ́n kúrò lẹ́yìn bọ́ọ̀lù rẹ̀ kó tó gbá a ti tún ilẹ̀ ṣe fún ara rẹ̀, gbígbá méjì ni wọ́n máa fi kún tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó ti gan, tó ti ṣù pọ̀, àṣàdànù ni. Ọ̀rọ̀ bíi mẹ́rin ni Gẹ̀ẹ́sì fi sọ èyí. Mo kọ ẹyọ kan ṣoṣo: ògúlùtu. Mo wò ó lórí ìwé, mo gbéra ga díẹ̀.

Omi òjò tó dúró sójú ilẹ̀ ni Bàbá fún lórúkọ tó dùn mọ́ mi jù. Ìwé ní ẹni tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ bá bọ́ sínú irú omi bẹ́ẹ̀ lè gbé e jáde lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ rí omi náà lójú. Kí ilẹ̀ tutù tàbí kó rọ̀ lásán kò tó. Bàbá ní omi àlejò nìyẹn.

"Ẹrẹ̀ ń kọ́, Bàbá?"

"Ẹrẹ̀ kì í ṣe àlejò. Onulé ni."

Lẹ́yìn náà la kan ihò ẹranko. Ìwé ní kì í ṣe ihò nìkan, yẹ̀pẹ̀ tí ẹranko náà wà jáde wà nínú rẹ̀, ẹni tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ bá kan èyíkéyìí nínú wọn lè gbé e kúrò lọ́fẹ̀ẹ́. Mo fẹ́ kọ "ihò òkété". Bàbá ní "uhò" ni. Obìnrin tó ń yan gàrí wà nítòsí, ọmọ Ìkẹ́rẹ́ pọ́ńbélé, ó ní bí àwọn ṣe ń pè é yàtọ̀ sí ti ará Ìsẹ̀. Kápẹ́ẹ̀nì náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti Emùré. Mo ní Yorùbá inú Bíbélì ni gbogbo wa ń kà ní ṣọ́ọ̀ṣì, òun ni n ó fi kọ ọ́. Bàbá ní kò burú, pé Ọlọ́run náà fi ohùn ará Ọ̀yọ́ bá àwọn sọ̀rọ̀ nínú Bíbélì, àwọn sì gbọ́ ọ.

Ojú ìwé mẹ́ta ló jẹ́ nígbà tí mo parí rẹ̀. Kápẹ́ẹ̀nì mú kí wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n fi ọ̀rá bò ó, wọ́n kàn án mọ́ pákó lábẹ́ búkà tí wọ́n ti ń sinmi. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, obìnrin tó ń yan gàrí ti há a sórí. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń gbá bọ́ọ̀lù ń pè é kó wá dá ẹjọ́ fún wọn, ọ̀rẹ́ ọkọ mi gan-an ló sì ń pè é jù.

Ìdíje ńlá wọn bọ́ sí ìgbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fẹsẹ̀ múlẹ̀. Àlejò wá láti Adó àti Àkúrẹ́. Òjò kan rọ̀ ní ìdájí, ó dá kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, gbogbo ilẹ̀ ń rùn dídùn bí ilẹ̀ ṣe máa ń rùn lẹ́yìn òjò. Wọ́n fún mi ní àga lábẹ́ búkà, pẹ̀lú ìwé mi, bíi pé adájọ́ ni mí. Kò pẹ́ tí ọkùnrin kan láti Adó fi ní bọ́ọ̀lù òun wà nínú omi àlejò. Obìnrin tó ń yan gàrí lọ wò ó. Ó fi ẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀, ó gbé e sókè, ó tún tẹ̀ ẹ́.

"Ẹrẹ̀ ni, sà. Onílé ni. Ẹ gbá a bẹ́ẹ̀."

Ọkùnrin náà gbá a bẹ́ẹ̀. Ẹrẹ̀ ta sí i láṣọ, òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Ọkọ mi ń gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ náà bí n kò ṣe rí i kó gbá a rí. Wọ́n pín òun àti dókítà eyín kan láti Àkúrẹ́ pọ̀ pé kí wọ́n jọ máa gbá, obìnrin bí ẹni ogójì ọdún, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Nígbà tí wọ́n fi parí ihò kẹfà, iye gbígbá àwọn méjèèjì dọ́gba, kò sì sí ẹlòmíràn tó sún mọ́ wọn. Ìròyìn náà dé abẹ́ búkà. N kò lè jókòó mọ́. Mo fi àga sílẹ̀, mo bá àwọn èrò ìwòran lọ sí ihò keje.

Bọ́ọ̀lù ọkọ mi wà nínú koríko lẹ́bàá igi tíìkì. Mo rí i tó ṣa ewé méjì dànù, ó rọra ṣe é, bọ́ọ̀lù kò mira. Ó tún bẹ̀rẹ̀, ó mú ohun kan tó ṣù lẹ́yìn bọ́ọ̀lù náà. Ohun náà fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó gbọn ọwọ́ rẹ̀, ó fi ìka gbá ìyókù kúrò, ó dúró dáadáa, ó gbá bọ́ọ̀lù. Bọ́ọ̀lù náà fò kọjá àpáta, ó bọ́ sórí bráùn, ó sì dúró ní nǹkan bí ìṣísẹ̀ mẹ́ta sí ihò. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́.

Dókítà eyín náà dúró kí ariwo rọlẹ̀. Ó tẹ orúnkún díẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ má bínú. Kí lẹ mú kúrò lẹ́yìn bọ́ọ̀lù yín?"

"Ògúlùtu ni," ọkọ mi dáhùn. "Àṣàdànù ni ògúlùtu. Ìyàwó mi ló kọ ọ́. Òun náà ló dúró yẹn, ẹ bi í."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín, ó ní ó jọ yẹ̀pẹ̀ lójú òun, ìdí tí òun fi béèrè nìyẹn. Wọ́n ránṣẹ́ sí Kápẹ́ẹ̀nì. Ó dé, ó gbọ́ tẹnu ọ̀tún àti tòsì, òun náà wá yíjú sí mi. "Mà, ẹ̀yin lẹ tú u. Kí ni ògúlùtu?"

Ogójì ọdún ó dín díẹ̀ ni mo fi bi àwọn ọmọ iléèwé ní ìtumọ̀ ọ̀rọ̀. Ẹnikẹ́ni kò tíì bi mí ní ọ̀kan tí ọkọ mi yóò ti pàdánù nítorí ìdáhùn mi. Ó ń wò mí, ó dá a lójú pé mo wà lẹ́yìn òun. Mo wo ohun tó ṣẹ́ kù nílẹ̀. Lójú mi, ó lè jẹ́ èyí, ó lè jẹ́ ìyẹn.

"Ohun tí mo kọ ni pé ògúlùtu jẹ́ àṣàdànù, yẹ̀pẹ̀ kì í ṣe é," ni mo sọ. "Mo mọ ọ̀rọ̀ méjèèjì. Ṣùgbọ́n èwo ló wà nílẹ̀ yìí, ẹni tó mọ ilẹ̀ ni kẹ́ ẹ bi. Ẹ pe Bàbá."

Ihò kẹjọ ni Bàbá wà, ó ń fi pákó fa bráùn. Ó wá pẹ̀lú bàtà òjò rẹ̀. Kò béèrè ẹni tó ni bọ́ọ̀lù, ẹnikẹ́ni kò sì sọ fún un. Ó lóṣòó, ó fi ìka méjì bu ìyókù ohun náà, ó rún un, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Ta ló pe èyí ní ògúlùtu?"

Ọkọ mi ní, "Èmi ni, Bàbá."

"Ògúlùtu á ti gbẹ, á ti le. Èyí ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ulẹ̀ ni. Òjò àárọ̀ yìí ló tẹ̀ ẹ́ tó fi ní èèpo lórí. Ẹ wò ó, inú rẹ̀ ń tú." Ó dìde, ó rìn bí ìṣísẹ̀ kan, ó fi ọwọ́ pín koríko sí méjì. Ihò kan wà níbẹ̀, ó mọ́ roro, ó tóbi tó ọwọ́ èèyàn. "Òkété ló wà á. Yẹ̀pẹ̀ rẹ̀ lẹ fọ́ yẹn."

Kápẹ́ẹ̀nì ṣí ìwé rẹ̀, ó ka ibì kan, ó tún un kà, ó sì ti ìwé náà. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ohun tó fẹ́ sọ ń dùn ún. Ó ní yẹ̀pẹ̀ tí ẹranko wà jáde kò yàtọ̀ sí ihò rẹ̀. Ká ní ọkọ mi ti béèrè kó tó fọwọ́ kan nǹkan kan, yóò gbé bọ́ọ̀lù rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni, lọ́fẹ̀ẹ́, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni máa kà sí i. Ṣùgbọ́n ó ti gbọn yẹ̀pẹ̀ kúrò, ó sì ti gbá bọ́ọ̀lù. Gbígbá méjì ló máa kún tirẹ̀.

"Tí mo bá béèrè, ọ̀fẹ́ ni?" ọkọ mi ní.

"Ọ̀fẹ́ ni, sà."

Ọkọ mi lọ wo ihò náà fúnra rẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀, ó fi ọwọ́ sẹ́yìn bó ṣe máa ń ṣe tó bá ń wo ọmọ tó ń ṣèdánwò. Nígbà tó padà, ó ní, "Mo gbà," ó sì bọ Bàbá lọ́wọ́. Inú mi dùn sí i, ó sì bà jẹ́ nítorí rẹ̀, lẹ́ẹ̀kan náà.

Ó gbá ihò méjì tó kù dáadáa, ó tiẹ̀ yọ ẹyọ kan kúrò nínú gbígbá méjì tí dókítà náà fi ṣíwájú rẹ̀. Ẹyọ kan yòókù ló fi pàdánù. Dókítà eyín gba fáànù onídùúró, ọkọ mi gba fúláàsì ńlá kan tó ní òdòdó pupa lára. Obìnrin náà wá kúnlẹ̀ kí i. Ó gbé e dìde, ó ní, "Ìbéèrè rẹ tọ́, ọmọ mi. Èmi ni n kò béèrè tèmi."

Ó wa mọ́tò wa wọ ìlú. Ó dúró níbi tí wọ́n ti ń sun àgbàdo, ó ra mẹ́ta pẹ̀lú àgbọn, ó gbé e lé mi lẹ́sẹ̀.

"Ṣé o mọ̀ pé ihò òkété wà níbẹ̀?"

"N kò mọ̀, Dádì."

"Ká ní o mọ̀ ń kọ́, ṣé wàá sọ fún mi kí n tó gbá a?"

Mo ní n kò ní sọ, nítorí èrò ìwòran ni mí. Ó jẹ àgbàdo rẹ̀ dé ìdajì kó tó tún sọ̀rọ̀. "Aláìṣojúsàájú ni ọ́, Mọ̀mí. Ó ń bí mi nínú." Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti wà lẹ́nu rẹ̀.

Ní ọjọ́ Monday, kò mú ọ̀pá kankan dání, ó lọ bá Bàbá, wọ́n rìn yí pápá ká. Ó tún lọ lọ́jọ́ kejì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wálé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ilẹ̀ lẹ́nu: ibi tí omi máa ń dá sí, ibi tí ekòló pọ̀ sí, irú koríko tó máa ń hù níbi tí ebè wà tẹ́lẹ̀. Bàbá dẹ pàkúté, ó mú òkété náà, ó yan án, ó fi ìdajì rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa nínú ewé. Ọkọ mi ní òun kò ní jẹ ẹ́, pé ó ti ṣe òun níkà. Mo fi se ọbẹ̀. Ó jẹ ẹ́, ó sì fi búrẹ́dì nu abọ́. Nígbà tó padà lọ rí dókítà, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti wálẹ̀ dáadáa.

Èmi náà ti ń gbá a báyìí. Kápẹ́ẹ̀nì ló ní kò bójú mu kí ẹni tó kọ òfin má mọ bí wọ́n ṣe ń di ọ̀pá mú. Ọjọ́ Thursday ni tàwa obìnrin. Obìnrin tó ń yan gàrí ló ń kọ́ wa, ó sì le bí ọ̀gá iléèwé. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, mo gbé ọ̀pá sókè, mo fi gbogbo agbára mi sọ̀ ọ́ kalẹ̀, bọ́ọ̀lù kò kúrò lójú kan, ṣùgbọ́n ègé koríko kan pẹ̀lú gbòǹgbò rẹ̀ fò lọ iwájú dáadáa. Bàbá ń kọjá. Ó lọ mú koríko náà wá, ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó tutù, ó wúwo.

"Ẹ dá a padà sáyè rẹ̀, Tíṣà, kẹ́ ẹ sì fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Yóò ta gbòǹgbò padà."

Mo kúnlẹ̀, mo dá a padà, mo tẹ̀ ẹ́, mo sì tún gbé ọ̀pá sókè.